Àìhù Kì í Ṣe Ikú: Bí A Ṣe Ń Dán Oògùn Wò Lórí Fọ́ńgọ̀sì

Dókítà tó fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń ní ìbéèrè kan lọ́kàn: oògùn wo ni yóò pa fọ́ńgọ̀sì tó wà níbẹ̀? Ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè náà ni orí ìwé yìí wà fún. Fọ́ńgọ̀sì tí a ń sọ ni irú tó ń ta fọ́nrán bí òwú, tó sì ń so hóró wẹ́wẹ́ sórí fọ́nrán náà: Aspergillus, Fusarium, Rhizopus àti àwọn mìíràn. Candida, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlànà tirẹ̀, a kò sì ní dé ibẹ̀. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ní Ilemona, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Kwara State College of Health Technology àti Federal Polytechnic, tí méjèèjì wà ní Ọ̀fà. Èrò kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé tó ń bọ̀ rọ̀ mọ́: kí fọ́ńgọ̀sì má hù níwájú oògùn jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ó kú jẹ́ ọ̀tọ̀. Irúgbìn tó wà nínú àká lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kò hù, síbẹ̀ kò kú. Omi ló ń retí. Yàrá àyẹ̀wò tó rí àìhù, tó wá kọ ikú sínú ìwé èsì, ti jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀ràn yìí fi kan ẹkùn Ọ̀fà

Ènìyàn lè rò pé ilé ìwòsàn ńláńlá nìkan ni ọ̀ràn oògùn fọ́ńgọ̀sì kàn, pé ìlú kékeré kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é. Ní 2017, Rita Oladele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Èkó àti Ìlọrin lórí ènìyàn 208 tí a ń tọ́jú fún ikọ́ ife tàbí tí a fura pé ikọ́ ife ló ń ṣe wọ́n. Ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́ pé Aspergillus ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlọrin tí a dárúkọ yìí ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Kwárà, ibẹ̀ sì ni a ń darí aláìsàn tí apá wa kò bá ká sí. Àìsàn méjèèjì jọra lójú: ikọ́ tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ara tó ń rù. Ṣùgbọ́n oògùn ikọ́ ife kò ṣe Aspergillus ní nǹkan kan. Itraconazole ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ó sì kéré jù tí aláìsàn yóò fi lò ó. Ẹni tí yóò máa ra oògùn, tí yóò sì máa gbé e mì fún oṣù mẹ́fà, ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá apá oògùn náà ká fọ́ńgọ̀sì tó wà lára rẹ̀.

Itraconazole, voriconazole àti posaconazole jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà, ìdílé azole. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n oògùn tó wá láti inú ìdílé yìí sí ohun ọ̀gbìn kí fọ́ńgọ̀sì má baà bà á jẹ́. Aspergillus fumigatus ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ààtàn, nítorí náà ó lè ti bá azole pàdé nínú oko kí ó tó bá a pàdé nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní Netherlands ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú tó ní TR34/L98H mọ̀, ìyẹn àyípadà tí kì í jẹ́ kí azole ràn án, lára fọ́ńgọ̀sì tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ aláìsàn láti 1998. Ní 2014, àwọn onímọ̀ jábọ̀ irú kan náà láti inú ilẹ̀ ní Tanzania, níhìn-ín ní Áfíríkà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aláìsàn tí kò fẹnu kan azole rí lè fa hóró tí azole kò ràn símú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé to fọ́ńgọ̀sì 19 tó léwu jù lẹ́sẹẹsẹ ní 2022, Aspergillus fumigatus wà ní ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀ràn àyẹ̀wò oògùn ti kúrò ní àfikún tí a lè fi ṣeré.

Kí oògùn tó kàn án

Ohun àkọ́kọ́ tí yàrá àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mọ̀ ni orúkọ fọ́ńgọ̀sì, torí orúkọ nìkan ti tó dáhùn àwọn ìbéèrè kan láìsí pé a fi oògùn kankan kàn án. Fluconazole, tó wọ́pọ̀ nílé ìtajà oògùn, kò ṣiṣẹ́ lórí Aspergillus rárá. Voriconazole kò ṣiṣẹ́ lórí Rhizopus àti àwọn ìbátan rẹ̀. Amphotericin B, tí ọ̀pọ̀ dókítà gbójú lé, kì í sábà ràn Aspergillus terreus. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ orúkọ dáadáa ti gba dókítà lọ́wọ́ àṣìṣe mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan àwo oníhò tí a fi ń dán oògùn wò. Ọ̀nà kan tí kò gbówó lórí wà láti fi ìdí Aspergillus fumigatus múlẹ̀: ó máa ń hù ní ìgbóná 50°C, nígbà tí Aspergillus lentulus, tó fara jọ ọ́ tí kò sì gbọ́ ti oògùn bíi tirẹ̀, kì í hù níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé hóró Aspergillus wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé. Kọ́lọ́nì kan ṣoṣo láti inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jẹ́ àlejò lásán. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kejì, ohun tí a rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù àti ìròyìn dókítà nípa ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn ló ń sọ bóyá ó yẹ kí a máa bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn orúkọ ni oògùn tí a ó fi ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe kápúsù tí a rà nílé ìtajà. Inú kápúsù ní ohun àpòpọ̀ tí kì í ṣe oògùn, a kò sì lè mọ iye oògùn gan-an tó wọ inú omi àyẹ̀wò. Ìyẹ̀fun ògidì tí ilé iṣẹ́ kọ agbára rẹ̀ sára ìgò ni ẹ lò, kí ẹ sì fi agbára náà ṣe ìṣirò ìwọ̀n. Azole àti amphotericin B kì í yọ́ nínú omi lásán. DMSO ni a ń fi yọ́ wọn, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju 1% lọ nínú ihò kọ̀ọ̀kan nígbẹ̀yìn, torí òun fúnra rẹ̀ lè dí fọ́ńgọ̀sì lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń ba amphotericin B jẹ́, ẹ bò ó. Fún ààbò ara yín, inú kábínẹ́ẹ̀tì ààbò ni kí gbogbo iṣẹ́ tó ní hóró ti wáyé. Hóró Aspergillus kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wọlé lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń ṣiṣẹ́, bó ṣe wọ ti aláìsàn.

Òdiwọ̀n ìdádúró

Ohun tí àyẹ̀wò tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ń wọ̀n ni ìdádúró, ìyẹn oògùn tó kéré jù tí kò jẹ́ kí ìhù kankan hàn sójú. MIC ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìlànà méjì ló gbajúmọ̀: M38 ti àjọ CLSI ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta jáde ní 2017, àti E.Def 9 ti àjọ EUCAST ní Yúróòpù. Àwo oníhò 96 ni méjèèjì ń lò, pẹ̀lú omi oúnjẹ RPMI 1640 tí a fi MOPS mú dúró sí pH 7.0, àti oògùn tí a ń dín kù sí ìdajì láti ihò kan dé èkejì, bí àpẹẹrẹ láti 16 µg/mL wá sílẹ̀ dé 0.03. Wọ́n yàtọ̀ síra níbi tó lè ṣini lọ́nà. EUCAST ń fi glucose 2% kún omi oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń fẹ́ hóró 100,000 sí 250,000 nínú mL kọ̀ọ̀kan. Ti CLSI kò ju 4,000 sí 50,000 lọ. Ààlà tí wọ́n fi ń dájọ́ náà kò dọ́gba: fún voriconazole lórí Aspergillus fumigatus, CLSI ní oògùn ṣì ràn án bí MIC kò bá ju 0.5 µg/mL lọ, EUCAST sì gbà títí dé 1. Fọ́ńgọ̀sì tí MIC rẹ̀ jẹ́ 1 yóò tipa bẹ́ẹ̀ gba ìdájọ́ méjì. Ẹ mú ìlànà kan, ẹ dúró tì í, kí ẹ má ṣe fi ààlà ọ̀kan ka èsì èkejì.

Iye hóró ni ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ gbin fọ́ńgọ̀sì sórí ágà potato dextrose ní 35°C títí yóò fi so hóró dáadáa. CLSI ń fẹ́ ọjọ́ méje fún Aspergillus. Ẹ da omi iyọ̀ tó ní Tween 20 díẹ̀ sí i, torí hóró Aspergillus kò fẹ́ràn omi, yóò sì fò sókè bí eruku bí kò bá sí ohun tí yóò mú un rọ̀. Ẹ rọra ra ojú rẹ̀, ẹ gbé omi náà sínú túùbù, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí fọ́nrán àti ìdìpọ̀ wọlẹ̀, kí ẹ sì mú apá òkè nìkan. CLSI ń fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní 530 nm ṣe ìdiwọ̀n, 0.09 sí 0.13 fún Aspergillus, kí a tó bu omi là á ní ìlọ́po 50. EUCAST ń ka hóró lábẹ́ máíkírósíkóòpù pẹ̀lú gíláàsì tí a fi ń ka hóró. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, ẹ tún gbin díẹ̀ lára omi hóró náà sórí ágà, kí ẹ ka kọ́lọ́nì tó hù. Ẹni tí kò mọ iye hóró tó wà láàyè ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè sọ iye tó kú ní ìparí.

Àwo wọ inú ínkúbétọ̀ ní 35°C. Rhizopus ń pé ní wákàtí 24, Aspergillus àti Fusarium ní 48, Scedosporium ní nǹkan bí 72. Ìgbóná tó ń lọ sókè sódò nígbà tí iná mànàmáná bá ń lọ tó ń bọ̀ ń yí èsì padà, nítorí náà bátìrì oòrùn tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tó dájú jẹ́ ara ohun èlò àyẹ̀wò yìí, bíi pìpẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa kọ ìgbóná sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwo tí ínkúbétọ̀ rẹ̀ tutù mọ́jú, ẹ dà á nù. Fún azole àti amphotericin B, ihò àkọ́kọ́ tó mọ́ láúláú ni MIC. Oògùn bíi caspofungin yàtọ̀: fọ́nrán kì í tán nínú ihò rẹ̀, kíkúrú ló ń kúrú, tó sì ń ká jọ. Ohun tí a ń kà fún un ni oògùn tó kéré jù tó fa ìyípadà ìrísí yẹn, MEC. Gbogbo ìgbà ni kí a fi fọ́ńgọ̀sì tí èsì rẹ̀ ti di mímọ̀, bíi Aspergillus flavus ATCC 204304, sí àwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn. Bí èsì tirẹ̀ bá bọ́ kúrò láàárín ààlà tí ìlànà kọ, èsì aláìsàn kò ṣeé gbé jáde, bó ti wù kí ó dára tó lójú.

Láti àìhù dé ikú

Ihò tó mọ́ láúláú lè kún fún hóró tó ṣì wà láàyè. Láti mọ̀, a gbọ́dọ̀ gbé wọn kúrò nínú oògùn, kí a wò ó bóyá wọ́n á hù. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní MFC, òdiwọ̀n pípa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka MIC, ẹ po ihò kọ̀ọ̀kan dáadáa, torí hóró máa ń wọlẹ̀ ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ mú 20 µL láti inú ihò tó mọ́ kọ̀ọ̀kan, láti inú ihò ìkẹyìn tí ìhù wà, àti láti inú ihò tí kò ní oògùn, kí ẹ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ágà Sabouraud tí kò ní oògùn. Ẹ dá wọn padà sí 35°C títí ti ihò aláìlóògùn yóò fi hù kedere. Ìwádìí tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ṣe pọ̀ lórí Aspergillus, tí Ana Espinel-Ingroff ṣáájú rẹ̀, tí ó sì jáde ní 2002, ló dá a lábàá pé kí MFC jẹ́ oògùn tó kéré jù tí kọ́lọ́nì tó hù lórí ágà rẹ̀ kò pé mẹ́ta. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí pé ìdá 99 sí 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún hóró ló kú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà fúnra wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé èsì ti ń sọ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ. Bí ihò bá ní hóró 10,000 nínú mL kọ̀ọ̀kan, 20 µL gbé 200 hóró. Kọ́lọ́nì méjì nínú 200 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ìdá 99 kú. Bí hóró bá jẹ́ 4,000 péré, tí CLSI ṣì gbà, 20 µL gbé 80, kọ́lọ́nì méjì sì túmọ̀ sí pé ìdá 97.5 ló kú. Ẹni tó kọ pé oògùn pa ìdá 99.9 gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ó kéré tán 1,000 hóró lórí ágà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rí kọ́lọ́nì kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yìí kò ṣeé bẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdá 99.9, ẹ fi kún hóró tàbí kí ẹ fi kún omi tí ẹ ń gbé sórí ágà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewu kejì ni oògùn tó bá hóró rìn dé orí ágà. Bí a bá kán 20 µL sí ojú kan, oògùn inú rẹ̀ lè máa dí hóró lọ́wọ́ níbẹ̀, a ó sì pe àìhù ní ikú lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá tẹ́ ẹ káàkiri ágà 20 mL, oògùn náà yóò wá di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún bó bá ti ràn kálẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ po nǹkan bí 200 hóró tútù mọ́ omi tó ní oògùn tó ga jù nínú àwo, kí ẹ tẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ́ 200 mìíràn láìsí oògùn. Bí kọ́lọ́nì àwo àkọ́kọ́ bá kéré jọjọ sí ti èkejì, oògùn ló ń rìn dé ibẹ̀, MFC tí ẹ kà lórí ìlànà yẹn kò sì ṣeé gbára lé. Àyẹ̀wò kékeré yìí kò gbà ju ágà méjì lọ, ohun tó sì ń dáàbò bò kò kéré.

Ibi tí òdiwọ̀n pípa pin sí

Kódà nígbà tí a bá ṣe MFC láìsí àbùkù, hóró tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, hóró ti hù, fọ́nrán ló sì ń gún ẹran ara. Fọ́nrán gígùn kan tó ní ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì yóò yọ kọ́lọ́nì kan ṣoṣo lórí ágà, yálà gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló wà láàyè tàbí ẹyọ kan péré. Nítorí èyí, kíka kọ́lọ́nì kò lè wọn ikú fọ́nrán. Caspofungin fi èyí hàn kedere: orí fọ́nrán àti ibi tó ti ń yọ ẹ̀ka, níbi tí ògiri sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń mọ, ló ń pa, ìyókù sì wà láàyè. Bí a bá gbé irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ sórí ágà, yóò tún hù, MFC yóò sì sọ pé oògùn náà kò pa nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ba fọ́ńgọ̀sì náà jẹ́ lọ́nà tó lè ran aláìsàn lọ́wọ́. Láti wọn ikú fọ́nrán, a nílò àwọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì alààyè nìkan ń yí padà, bíi XTT. Yàrá àyẹ̀wò ìwádìí ni iṣẹ́ yẹn wà fún.

Àwọn àtakò

Dókítà lè sọ pé, "Aláìsàn mi kò ní agbára láti bá àìsàn jà. Oògùn tó ń dá dúró nìkan kò tó fún un. Èyí tó ń pa ni mo fẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀, torí oògùn tó kàn ń dá fọ́ńgọ̀sì dúró ń fi ìyókù iṣẹ́ sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò ní tó. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a fi oògùn méjì wé ara wọn lára ènìyàn. Nínú yàrá àyẹ̀wò, amphotericin B wà lára àwọn tó ń pa Aspergillus jù, tó sì ń yá jù. Ní 2002, Herbrecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti fi voriconazole wé e lára àwọn tí Aspergillus ti wọ̀ lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 70.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú voriconazole ṣì wà láàyè. Ti amphotericin B jẹ́ 57.9. Bí oògùn ṣe ń dé ibi àìsàn, bó ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́, àti bóyá aláìsàn lè fara dà á pẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìyàtọ̀ yẹn, àwo oníhò kò sì rí ọ̀kankan nínú wọn. Ìdí nìyí tí CLSI àti EUCAST fi ní ààlà ìdájọ́ fún MIC tí wọn kò sì ní fún MFC. Ohun tí MFC lè ṣe fún dókítà yìí ni láti ràn án lọ́wọ́ nígbà tí MIC dára ṣùgbọ́n tí àìsàn kò lọ. Ó lè fi hàn pé fọ́ńgọ̀sì náà kàn ń fara da oògùn láìkú. Nígbà yẹn ni kí a ṣe é.

Ẹlòmíràn lè ní ìnáwó gbogbo èyí ti pọ̀ jù fún Ilemona. Bí a bá ní kí gbogbo ìlú ṣe ohun gbogbo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. EUCAST ti ṣe ìlànà ìyẹ̀wò kúkúrú kan, E.Def 10, tí a ń fi àwo oníhò mẹ́rin ṣe: ágà tó ní itraconazole 4 µg/mL, èyí tó ní voriconazole 2, èyí tó ní posaconazole 0.5, àti èyí tí kò ní oògùn. Bí Aspergillus fumigatus bá hù nínú ihò aláìlóògùn nìkan, ó ṣeé ṣe kí azole ràn án. Bí ó bá hù nínú èyíkéyìí mìíràn, ó gbọ́dọ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ńlá fún MIC kíkún. Ohun tó nílò kò ju ágà, ínkúbétọ̀ àti ojú tó mọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìdádúró ni èyí náà ń wọ̀n. Kò sọ ohunkóhun nípa ikú, kò sì ṣèlérí rẹ̀; nítorí bẹ́ẹ̀ ló fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Àtakò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dán ewé wò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń fi asúnwọ̀n, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Senna alata, pa làpálàpá lára, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tó wọ́pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ wa láti bu oje rẹ̀ sínú ihò lórí ágà, kí wọ́n fi rúlà wọn ojú mímọ́ tó yí ihò náà ká. Wọ́n á ní, "Ojú ló mọ́ yìí, kí ni a tún ń wá?" Ìmọ̀ àwọn àgbà yẹ fún ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà ló sì béèrè pé kí a wọ̀n ọ́n bó ti yẹ. Bí ojú mímọ́ ṣe fẹ̀ tó rọ̀ mọ́ bí oje ṣe ń rìn nínú ágà. Oje olóròóró tó lágbára lè má rìn jìnnà, èyí tó yọ́ lómi sì lè fẹ̀ láìlágbára. Láti mọ bóyá ikú ló wà níbẹ̀, ẹ gé ágà kékeré láti inú ojú mímọ́ náà lọ sórí ágà tuntun. Bí ó bá hù, ìdádúró ni. Ẹ tún wo ìwọ̀n: oje 25 mg/mL jẹ́ 25,000 µg/mL, nígbà tí a ń fi 0.5 dájọ́ voriconazole. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó lè gbé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Lórí awọ ara, ọ̀ràn yàtọ̀: ìpara terbinafine 1%, tó ń pa fọ́ńgọ̀sì làpálàpá, ní 10 mg nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò jìnnà sí ìwọ̀n oje ewé. Nítorí náà, ìwádìí asúnwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu ni èyí tó lo fọ́ńgọ̀sì làpálàpá fúnra rẹ̀, tó fi ọjọ́ mẹ́rin dúró dè é, tó fi terbinafine àti omi tí a fi yọ ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra, tó sì pin ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ibi awọ ara.

Pínpín iṣẹ́ àti kíkọ èsì

Ohun tó ṣeé ṣe ní Ilemona àti Ọ̀fà nísinsìnyí ni kí a gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dára kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí a gbìn ín, kí a mọ orúkọ fọ́ńgọ̀sì, kí a ṣe ìyẹ̀wò oníhò mẹ́rin, kí a sì tọ́jú fọ́ńgọ̀sì náà pamọ́ láàyè. Èyí tó bá hù lójú oògùn, tàbí tí aláìsàn rẹ̀ kò gbádùn lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tó ní àwo oníhò 96 àti fọ́ńgọ̀sì ìfiwéra, láti orí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin lọ sókè. MFC kẹ́yìn, fún ìbéèrè tí a mọ ìdí rẹ̀. Ètò yìí kò sọ ìlú kékeré di ẹrú ìlú ńlá: fọ́ńgọ̀sì tí a kò gbìn dáadáa ní Ilemona kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n ní Ìlọrin.

Nínú ìwé èsì, ẹ kọ orúkọ fọ́ńgọ̀sì, ìlànà tí ẹ lò àti ẹ̀dà rẹ̀, ìgbóná, wákàtí, iye hóró tí ẹ kà, MIC oògùn kọ̀ọ̀kan, ìdájọ́ rẹ̀, àti pé fọ́ńgọ̀sì ìfiwéra wà láàárín ààlà. Bí ẹ bá ṣe MFC, ẹ kọ omi tí ẹ tẹ́ sórí ágà, iye kọ́lọ́nì, àti ìdá hóró tí ìṣirò fi hàn pé ó kú, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí ààlà ìdájọ́ tí a fọwọ́ sí fún un. Bí ẹ kò bá ṣe é, kí ọ̀rọ̀ náà "pa" má ṣe hàn níbikíbi nínú ìwé náà. Dókítà tó ka "ó dá a dúró" yóò máa ṣọ́ aláìsàn rẹ̀, yóò tún ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sì ní dá oògùn dúró kí ó tó pé. Dókítà tó ka "ó pa á" lè sinmi, nígbà tí fọ́ńgọ̀sì kò tíì sinmi.